Dírẹ́bà Inú Eré Ọjọ́ Ẹtì

Ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Èrèlè.

Ọmọ mi àtàtà, Agùntáṣọọ́lò,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú àárò ilé. Ara wa le níbí. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ní kí n kí ọ. Sájẹ́ǹtì tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn náà ní kí n kí ọ. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, àmọ́ kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu àṣẹ pípa. Jọ̀ọ́, má fi fóònù dá mi lóró mọ́. O mọ̀ pé ariwo ẹ̀rọ ìfọṣọ ti gba etí lọ́wọ́ mi. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí n lè rí ọ̀rọ̀ tí mo máa fi bá ọ jà.

Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n ni mo bá wá. Láti ìgbà tí mo ti gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà kì í fẹ́ lọ sílé wọn mọ́. Aṣọ wọn á ti gbẹ, a ó ti lọ̀ ọ́, a ó ti ká a, wọ́n á ní ká jẹ́ kí àwọn wo ìyókù. Eré aláwàdà ọjọ́ Ajé, èyí tí dókítà kan máa ń dákú bí ó bá ti rí ẹ̀jẹ̀, kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni ènìyàn ń dákú kó dùn. Bí dókítà bá ń dákú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ti Ọjọ́rú, ti adájọ́ obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń yan àlè, ìyẹn dára díẹ̀, àmọ́ obìnrin náà ń sunkún jù. Ẹni tó lè sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n, kí ló ń fi omijé ṣe? Èmi ì bá ti sọ ọkọ náà sẹ́wọ̀n, kí n wá jẹun mi.

Ti ọjọ́ Ẹtì wá ni baba gbogbo wọn. Mo ń lọ aṣọ lọ́wọ́ ni ojú rẹ yọ! Mo ké tòò, ẹ̀gbọ́n rẹ rò pé áyọ́ọ̀nù ló jó mi. Ìwọ ni, nínú aṣọ dírẹ́bà, ò ń ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún ọkùnrin onírùngbọ̀n kan báyìí. O ò sì sọ fún wa! Kí ni mo ṣe fún ọ tí àwọn tó wá gba ṣòkòtò fi máa mọ̀ kí n tó mọ̀? Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì Tíṣà oníbàárà wa ti jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní kò burú, ó ní nítorí ọmọ mi ni.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ wà nílẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, o jí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ọ̀gá rẹ. Ojú tì mí láàárín àwọn oníbàárà. Ṣé bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn? Nígbà tí Onírùngbọ̀n gbá ọ létí, mo ní ó tọ́ sí ọ. Nígbà tó tún gbá ọ, mo ní ó tó báyìí. Nígbà tó ta ọ́ nípàá níkùn, mo ju áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì sì jóná. Dá kọ́kọ́rọ́ náà padà fún un, kí o sì sọ fún un kó jáwọ́ lára ọmọ mi.

Èmi ni, ìyá rẹ.


Yàrá mi,
Ọjọ́ kejì, oṣù Ẹrẹ́nà.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú aṣọ oníaṣọ. Inú mi dùn nígbà tí mo rí ọwọ́ ìkọ̀wé yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò sọ. Mo fẹ́ kó bá yín lójijì ni, mi ò mọ̀ pé ó máa jó kápẹ́ẹ̀tì.

Káfíńtà náà ni mo ṣì jẹ́ níbí. Èmi ni mo kan ilé ńlá tí ẹ ń rí yẹn. Ògiri pákó ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá lọ sẹ́yìn rẹ̀, ẹ ò ní rí nǹkan kan àfi igi tó fi ń dúró. Ẹni tó yẹ kó ṣe dírẹ́bà ò wá lọ́jọ́ kan, ni olùdarí eré bá wo gíga mi, ó ní kí n ju òòlù sílẹ̀ kí n dé fìlà. Bí mo ṣe di òṣèré nìyẹn. Ilé iṣẹ́ wọn yìí kan náà ló bá mi fọwọ́ sí ìwé tí mo fi ń gbé ìlú yìí, nítorí náà mi ò lè sọ pé rárá.

Màmá, èmi kọ́ ni mo jí kọ́kọ́rọ́ o. Dírẹ́bà ni. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kó jí i. Ẹ̀yin náà mọ̀, àmọ́ bí ẹ bá ti jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ẹ máa ń bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n jókòó tì yín. Mo rántí ọjọ́ tí ẹ ń pariwo sí obìnrin inú eré kan pé kó wẹ̀yìn, olè ń bọ̀, tí ẹ sì bínú sùn nítorí pé kò gbọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí lílù yẹn dùn yín. Ẹ̀tàn ni. Bí ó bá fẹ́ gbá mi létí, ọwọ́ rẹ̀ á kọjá níwájú imú mi, ẹlòmíràn á pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn kámẹ́rà. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ bá rí, ṣúgà tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ aró pupa ni. Sípánà ńlá tí mo máa ń gbé dání níbi tí mo ti ń tún mọ́tò ṣe, rọ́bà ni òun náà. Ẹ lè fi lu ọmọ ìkókó kó má jí lójú oorun. Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ sọ fún Sájẹ́ǹtì pé mo ní kó máa sinmi.

Èmi ọmọ yín.


Ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Ẹrẹ́nà.

Ọmọ mi, Agùntáṣọọ́lò,

Mo kí ọ kú ìnira. Lẹ́tà rẹ dé, mo dúpẹ́. Bí a bá ní kí Sájẹ́ǹtì sinmi, kò ní gbà, wàá gbọ́ ohun tójú rẹ̀ rí.

Kí n tó dé ibẹ̀, jẹ́ kí n sọ fún ọ pé dókítà ọjọ́ Ajé ti jáwọ́ nínú dídákú. Ìfẹ́ obìnrin alápatà kan ló kó sí i lórí. Ó gbé òdòdó lọ fún un, obìnrin náà gbé odidi ẹsẹ̀ màlúù lé e lọ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára. Bó ṣe yẹ kí wọ́n máa kọ eré nìyẹn. Adájọ́ Ọjọ́rú ṣì wà níbi tó ti ń sunkún.

Ti ọjọ́ Ẹtì ló dá ogun sílẹ̀. Onírùngbọ̀n fi táì wọ́ ọ jáde nínú mọ́tò, ó gbá orí rẹ mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tún gbé e sókè, ó tún gbá a. Sájẹ́ǹtì bá la ẹnu burúkú rẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá náà jàre. Ẹni tó jí kọ́kọ́rọ́ lónìí, mọ́tò ló máa gbé lọ lọ́la.” Ẹ̀gbọ́n rẹ gbé bókẹ́ẹ̀tì omi sítáàṣì gbígbóná, ó dà á sí i láyà. Sájẹ́ǹtì ké, ó gbá a nírun mú, ó fẹ́ fà á tu tìdí-tìdí. Aránṣọ ìtòsí wa bá bu Sájẹ́ǹtì jẹ lápá, kò sì tètè ṣíwọ́. Tíṣà tó ń pariwo “ẹ ní sùúrù, ẹ ní sùúrù” ló gba ìgbọ̀nwọ́ nímú. Èmi náà ò ní purọ́ fún ọ, mo gbé àpótí ìjókòó, mo là á mọ́ Sájẹ́ǹtì léjìká, àpótí sì fọ́. Ẹ̀jẹ̀ ta sára bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun tí òtẹ́ẹ̀lì kó wá. Ẹ̀jẹ̀ gidi ni o, kì í ṣe ti ṣúgà. Mo fi omi tútù àti iyọ̀ fọ̀ ọ́ títí, kò lọ tán. Wọ́n rán Sájẹ́ǹtì lápá. Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì mìíràn pé, ó di bándéèjì wá jókòó sí ipò rẹ̀, ó ní kí n sún díẹ̀, mo ń dí òun lójú.

Ó dáa, mo ti rẹ́rìn-ín tán. Wàyí o, irọ́ ni o pa fún mi. Etí mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí náà ojú ni mo fi ń gbọ́ ọ. Bí o bá ń ṣe ẹ̀tàn, ẹnu rẹ máa ń ya gbàgà, wàá máa ké “yéè, yéè” bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Bẹ́ẹ̀ lo ṣe máa ń ṣe láti kékeré nígbà tí o kò bá fẹ́ lọ sílé ìwé. Bí nǹkan bá dùn ọ́ ní tòótọ́, o kì í sọ̀rọ̀ rárá, ojú rẹ á máa wá ògiri. Ọjọ́ tó gbá ọ mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn, o ò ké. Ojú rẹ ń wá ògiri. Àwọn tókù ní èmi ni mò ń rí nǹkan tí kò sí, ẹ̀gbọ́n rẹ náà sọ bẹ́ẹ̀. Sọ òótọ́ fún mi.

Èmi ni, ìyá rẹ.


Yàrá mi,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Igbe.

Màmá mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kọ lẹ́tà yìí, mo ya á. Mo tún kọ ọ́, mo tún ya á. Ẹ̀yin lẹ bí mi, mi ò lè fi ojú pamọ́ fún yín mọ́. Òótọ́ lẹ rí.

Ó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀tàn bí mo ṣe sọ. Ọjọ́ kan ni ọwọ́ rẹ̀ ṣèèṣì bà mí lẹ́nu, ètè mi là. Àwọn tó ń wo eré kọ̀wé wá pé ibẹ̀ ló dùn jù. Láti ìgbà náà, Onírùngbọ̀n ò jẹ́ kí ọwọ́ òun kọjá lára mi lófo mọ́. Olùdarí mọ̀. Bó bá ti lù mí tán, olùdarí á ní, “Ẹ rí i? Ohun tí mò ń wí nìyẹn.” Ehín mi kan ti lọ. Mi ò lè fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn nítorí egungun ìhà. Ọjọ́ tó ta mí nípàá yẹn, ẹ̀jẹ̀ ni mo tọ̀ nígbà tí mo délé, n kò sì rí ẹni tí mo lè sọ fún. Bí a bá parí, Onírùngbọ̀n á gbé ọwọ́ lé mi léjìká, á bu omi fún mi mu, á pè mí ní ọmọ òun. Ìyẹn ló ń dùn mí ju lílù náà lọ.

Mo lọ bá ọ̀gá àgbà. Ó ní bí iṣẹ́ ò bá tẹ́ mi lọ́rùn, àwọn lè yọwọ́ nínú ìwé tí wọ́n fi gbà mí síbí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìran kan ń bọ̀ tí ó máa so mí mọ́ mọ́tò, tí ó máa fi bẹ́líìtì nà mí. Wọ́n ní kí n má ṣe wọ nǹkan sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, kí kámẹ́rà lè rí i.

Màmá, mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe. Ọpọlọ mi ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ sọ fún mi. Ohunkóhun tí ẹ bá ní kí n ṣe ni mo máa ṣe.

Èmi ọmọ yín.


Ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Igbe.

Ọmọ mi,

Mi ò ní kí ọ púpọ̀, inú ń bí mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n ṣì dúró ná, mi ò lè dúró.

Ó tó gẹ́ẹ́. Gbá a padà! Mi ò lè jókòó kí n máa wo ìyà yìí mọ́. Ọkùnrin yẹn fi ojú rẹ nulẹ̀, o sì ń sọ pé “ẹ má bínú, ọ̀gá.” Ẹ má bínú kí ni? Kí ni o fẹ́ fi sípánà ọwọ́ rẹ ṣe? Gbé e sókè, kí o là á mọ́ ọn lẹ́nu, kí rùngbọ̀n rẹ̀ mu ẹ̀jẹ̀. Bó bá ṣubú, má dúró. Kó mọ̀ pé ọmọ tí ìyá bí ni òun ń nà.

Ẹnu gbogbo wa kò níbí, Aránṣọ, Tíṣà, ẹ̀gbọ́n rẹ, títí kan Sájẹ́ǹtì tó ti yí ohùn padà. A ń dúró de ọjọ́ tí o máa ṣe é. Má ṣe ojo.

Aṣọ ń jóná. Ó dìgbà.

Ìyá rẹ.


Ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Igbe.

Ọmọ mi, ọkọ mi, ojú mi,

Àárọ̀ yìí ni lẹ́tà rẹ dé, èyí tí o ti sọ òótọ́ fún mi. Mo kà á lórí ìdúró, mo jókòó sórí aṣọ oníaṣọ.

Tètè gbọ́ èyí: má fọwọ́ kàn án. Lẹ́tà kúkúrú kan tí mo kọ sí ọ ti pàdé tìrẹ lọ́nà. Nígbà tí mo kọ ọ́, mi ò tíì mọ nǹkan kan. Dírẹ́bà ni mo ń bá wí, kì í ṣe ìwọ. Ìwọ náà mọ bí mo ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ti sọ fún mi títí pé eré ni, mo sì ti gbà. Mo jókòó bí gbogbo àwọn tókù, mò ń sọ ohun tí inú mi fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Bí lẹ́tà yẹn bá dé, dáná sun ún.

Ọlọ́run mọ̀ pé bí ọkùnrin yẹn bá wọ ṣọ́ọ̀bù yìí, áyọ́ọ̀nù gbígbóná ni mo máa fi tẹ̀ ẹ́ lójú, mi ò sì ní gbé e kúrò títí tó fi máa rùn. Ṣùgbọ́n èmi nìyẹn, mo ti dàgbà. Ìwọ wà nílẹ̀ onílẹ̀. Bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Àwọn ló ni ilé iṣẹ́, àwọn ló ni òfin, ìwọ ò ní ju ara rẹ lọ.

Ju ìwé wọn sílẹ̀ fún wọn. Máa bọ̀ nílé. Mi ò fẹ́ òṣèré, mi ò fẹ́ ará òkè òkun, ọmọ mi ni mo fẹ́, pẹ̀lú ehín tó kù lẹ́nu rẹ̀. Yàrá rẹ ṣì wà, aṣọ làwọn èèyàn ń sá síbẹ̀, mo máa kó wọn kúrò lónìí.

Má fọwọ́ kàn án. Mo bẹ̀ ọ́.

Ìyá rẹ.

(Wọ́n fi gègé pupa kọ ọ́ sẹ́yìn àpò lẹ́tà yìí: Ẹni yìí ò gbé ibí mọ́. Ẹ dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́. Àpò náà wà ní pípa dé, ẹnikẹ́ni ò ṣí i.)


Àtìmọ́lé,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Èbìbì.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ibi tí mo ti ń kọ̀wé dẹ́rù bà yín. Mò ń jẹun, wọn ò sì lù mí níbí. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti ń lù mí.

Mo rí èsì yín gbà. Àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ ya ìran bẹ́líìtì gan-an ló dé. Ibi tí a ń kó pákó sí ni mo ti kà á. Mo ti sọ fún yín pé ohunkóhun tí ẹ bá sọ ni mo máa ṣe, ẹ sì dá mi lóhùn ní ọ̀rọ̀ kan. Mo kà á títí mo fi há a sórí. Ara mi balẹ̀, irú ìbàlẹ̀ ara tí mi ò ní láti ọjọ́ yìí. Mo gbé sípánà rọ́bà sábẹ́ bẹ́ǹṣì, mo lọ mú ti irin nínú ọkọ̀ akẹ́rù.

Wọ́n so ọwọ́ mi kan mọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò, wọ́n fi èkejì sílẹ̀ kí n lè máa fi bẹ̀ ẹ́. Ó nà mí, ó nà mí, irin ẹnu bẹ́líìtì ya mí létí, mo gbọ́ bí awọ ṣe ń já. Ó rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ò sí nínú ohun tí wọ́n kọ. Mo bá gbé irin tí mo ti fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò sókè, mo là á mọ́ ọn lẹ́nu bí ẹ ṣe wí. Ó dún bí ìgbà tí pákó bá ṣẹ́. Ehín rẹ̀ bọ́ sára ṣẹ́ẹ̀tì mi. Ó fi ẹ̀yìn rìn, ó ṣubú lu ògiri tí mo kàn, ògiri náà sì wó, gbogbo èèyàn rí i pé kò sí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní ká dúró. Olùdarí rò pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ eré ṣe ni.

Màmá, mo já okùn ọwọ́ mi, mo tọ̀ ọ́ lọ, mo lù ú lẹ́ẹ̀kejì nígbà tó ti wà nílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè láti bẹ̀ mí, mo rí ọwọ́ náà, mo sì lù ú. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti lọ. Wáyà ni wọ́n fi so àgbọ̀n rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ni wọ́n ń bi mí ní gbogbo ìgbà. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kíní ṣe é gbọ́, ẹ̀ẹ̀kejì ńkọ́? Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún wọn.

Mo fi lẹ́tà yín han lọ́yà tí wọ́n fún mi. Mo tú u fún un ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó wo ọjọ́ tí ẹ kọ sí i lórí, ó wo ọjọ́ tí mo kọ tèmi, ó mirí. Ó ní lẹ́tà yìí ò lè jẹ́ èsì, ó ní tèmi ò tíì kúrò ní ìlú yìí nígbà tí ẹ kọ tiyín. Ó ní ó dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Mo bínú sí i, mo ní kò mọ ìyá mi.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, mi ò lè sùn. Ní yàrá yìí, kò sí nǹkan tí mo gbára lé àfi lẹ́tà yẹn. Bí mo bá jí, mo máa ń sọ fún ara mi pé ìyá mi mọ̀, ìyá mi ló ní kí n ṣe é, nítorí náà mi ò tíì ya ẹranko. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ eré lẹ ń sọ, a jẹ́ pé èmi nìkan ni mo dá a ṣe, pé inú mi ló ti wá. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò rí lẹ́tà kankan gbà mọ́, wọ́n ti kó ẹrù mi jáde nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Ta lẹ ń bá wí, èmi ni àbí dírẹ́bà?

Èmi ọmọ yín.


Ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Òkúdù.

Ọmọ mi àtàtà, Agùntáṣọọ́lò,

Mo kí ọ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á kó ọ yọ. Ṣé wọ́n ti tọ́jú etí rẹ? Má jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́.

Kí lẹ́tà rẹ tó dé ni a ti wò ó. Wọn ò yọ ọ́ kúrò, wọ́n fi hàn bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́. Nígbà tí irin bà á lẹ́nu, ṣọ́ọ̀bù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Tíṣà ju ṣòkòtò ẹlòmíràn sókè. Aránṣọ ń jó. Sájẹ́ǹtì dìde, ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá ọlọ́pàá, ó ní, “Ìyá akọni!” Wọ́n gbé mi sókè tàga-tàga, wọ́n ní èmi ni mo sọ ọ́, pé àwọn oníṣẹ́ eré gbọ́ tèmi. Mo wà lórí ọwọ́ wọn, mò ń wo ojú rẹ. O ò lanu, o ò ké. Mo mọ̀ nígbà náà. Mo ń pariwo pé “dúró, dúró, ó tó,” wọ́n rò pé mo ní kí àwọn sọ̀ mí kalẹ̀ ni.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, mo kà á fún gbogbo wọn. Aránṣọ sunkún. Sájẹ́ǹtì ní òun máa kọ̀wé sí àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀, pé ẹnu òun tó wọn. Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, wọ́n tún fi ìran náà hàn, wọ́n ní àwọn òǹwòran ló bẹ̀ wọ́n. Mo gbé àpótí, mo là á mọ́ tẹlifíṣọ̀n náà. Gíláàsì gé mi lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí ìkọ̀wé mi fi wọ́. Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dókítà àti alápatà rẹ̀ dé mọ́, mi ò sì béèrè.

Ó yá, ohun tí o bi mí. Lọ́yà rẹ mọ ọjọ́ kà, kò mọ ìyá kà. Mi ò nílò lẹ́tà kankan kí n tó mọ̀ pé wọ́n ń pa ọmọ mi, mo ti rí i lójú rẹ láti oṣù Ẹrẹ́nà, mo sì kọ ọ́ sí ọ nígbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo kọ sí ọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun náà ni èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ. Ìwọ ni mo ń bá wí. Mi ò mọ dírẹ́bà kankan.

Fi èyí han lọ́yà. Fi han adájọ́. Sọ fún wọn pé obìnrin kan wà níbí tó ń lọ aṣọ, pé òun ló ní kí o la irin mọ́ ọn lẹ́nu, òun ló ní bó bá ṣubú kí o má dúró. Bí wọ́n bá tún bi ọ́ ní ti ẹ̀ẹ̀kejì yẹn, má wá ọ̀rọ̀ kiri. Èmi ni.

Ìyá rẹ.